Ilé Ọmọ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ìwọ obìnrin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà nínú ilé ọmọ rẹ, mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́ báyìí. O ti padà sílé, o ti dáná, o ti dá àwọn tó kí ọ lóhùn, àmọ́ o kò rántí ohun tí o sọ fún wọn. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Nímọ́tà ni orúkọ mi. Kọ́tìnì ni mo ń rán ní Òkè-Ìlewò, ní Abẹ́òkúta níbí. Mi ò kàwé dókítà, mi ò sì lè sọ pé bó ṣe rí lára mi náà ni yóò ṣe rí lára rẹ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè tètè mọ ohun tí èmi kò tètè mọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti bàlágà ni nǹkan oṣù mi kì í ti í dé déédéé. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́ mọ ọ̀sẹ̀ tí tiwọn máa dé. Tèmi lè lọ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó yọjú. Ìyá mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alàájà, tó ń ta ìborùn àti ẹní ìkírun nínú ọjà, kò rí i bí àìsàn. Ó ní bó ṣe ṣe òun náà nìyẹn nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun sì bímọ. Inú èmi gan-an dùn sí i. Ta ló fẹ́ máa fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lóṣooṣù? Mo sanra, ara mi ń dán, àwọn èèyàn ń sọ pé ìgbádùn wà nílé wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí kò jáde ń kó jọ síbì kan.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ́ Bọ̀dé. Ọmọ Wásinmi ni, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ṣe ní Ìtòrí. Ìdílé àgbẹ̀ tó ń sin òrìṣà ni wọ́n, àmọ́ Bọ̀dé gba orúkọ Bàṣírù lọ́jọ́ yìgì wa, àwọn ará ilé wa sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò yé pè é ní Ògúnbọ̀dé. Ẹ̀rù ìyá náà máa ń bà mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì wo èèyàn, ó máa ń pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Èmi ló máa ń wò bẹ́ẹ̀ jù. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ọmọ ló ń wá lára mi, pé lọ́jọ́ kan á la ẹnu béèrè rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí mo délé ọkọ, nǹkan oṣù mi lọ, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi wú. Ọyàn ń ro mí. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ìbejì. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, ó ní kò sí oyún. Alàájà ní irọ́ ló ń pa, pé oyún mìíràn máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn, pé ká má tíì jẹ́ kí ayé gbọ́. Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń rán kọ́tìnì funfun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Mo ní kí n dìde mú àlùmọ́gàjí, mo rí i pé àga ti tutù lábẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ti gba ara ìró mi kọjá, ó ti kán sórí kọ́tìnì oníbàárà. Kì í ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí mo mọ̀. Ó dì, ó ń já bọ́ bí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Obìnrin tó ń ta bàtà lódìkejì ló ti ṣọ́ọ̀bù bá mi, tó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé Alàájà. Nígbà tí a fi débẹ̀, mi ò lè dá dúró mọ́.

Ẹnì kan tó ní ilé ìtọ́jú kékeré ládùúgbò wá gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní oyún ti bàjẹ́. Kò yẹ inú mi wò. Alàájà ṣa èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ó fi aṣọ funfun dì í, ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ògiri, ó sì sin ín. Ó ṣe àdúà lé e lórí. Ó ní kí n má sunkún, pé ọmọ náà máa padà wá. Yàrá tí wọ́n tẹ́ mi sí, fèrèsé rẹ̀ kọjú síbẹ̀. Ilẹ̀ náà ga díẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí adìyẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ wa ibẹ̀, màá ké lé e láti orí ibùsùn. Mo ti ń ronú orúkọ tí à bá sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Bó bá dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Òòyì ń kọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi funfun. Alàájà gbà pé ẹnì kan ló ń lé ọmọ kúrò nínú mi. Ó lọ gba hàǹtú lọ́wọ́ àfáà, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà, ó dúdú nínú ìgò. Mo ń mu ún láràárọ̀. Àǹtí mi kan ra kápúsù tí obìnrin kan ń polówó lórí fóònù, pé ó ń fọ ilé ọmọ mọ́. Ìyá Bọ̀dé náà fi àgbo ránṣẹ́ láti Wásinmi, egbò àti èèpo igi nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo mu gbogbo rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ìfẹ́ ló mú wọn gbé e wá. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Bọ̀dé ló fòpin sí i. Ó ti Ìtòrí dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo jókòó sínú omi pupa, mi ò lè dìde.

"Nímọ́tà, ilé ìwòsàn ńlá la ń lọ."

"Alàájà ní ká ní sùúrù kí hàǹtú yìí tán ná."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ tán," ó ní, ó sì gbé mi.

Bí o kò bá tíì dé irú ilé ìwòsàn ìjọba bẹ́ẹ̀ rí, lọ ní kùtùkùtù. Mú omi àti ìpanu dání, mú ìró mìíràn sínú báàgì rẹ. A dé nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì ti kún. Aláboyún ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí àwọn dókítà kan náà ló ń rí gbogbo wa. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi jókòó sáàárín àwọn ikùn ńláńlá. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù mélòó ni tiyín?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní, ó sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ bo ikùn rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ká ní èmi ni, èmi náà lè sún.

Dókítà tó rí mi jẹ́ obìnrin, kò dàgbà jù mí lọ fi bẹ́ẹ̀. Ó fi sikáànù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, wo ilé ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa nǹkan oṣù mi, kì í ṣe ti ọdún yẹn nìkan, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú díẹ̀ nínú ilé ọmọ mi kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí. Àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀, má sì jẹ́ kí ìrora yẹn mú ọ sá.

Ìdúró de èsì burú ju irin náà lọ. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, dókítà ti ilẹ̀kùn kó tó jókòó, mo sì ti mọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní tààrà," ó ní. "Jẹjẹrẹ ló wà nínú ilé ọmọ yín. Ó ṣì wà lójú ara inú rẹ̀, kò tíì wọnú ẹran lọ."

Bọ̀dé ló béèrè pé, "Ṣé oyún tó bàjẹ́ yẹn ló fà á?"

"Ẹ má bínú, sà. Nínú gbogbo ohun tí mo rí, kò sí oyún níbẹ̀. Ara ilé ọmọ tó ti nípọn jù ló wó jáde."

Mo rí ẹ̀yìnkùlé Alàájà lójú mi, òkìtì kékeré lẹ́bàá ògiri. Ibojì ni, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọmọ tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé kò wá sáyé rárá.

Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa. "Èròjà méjì ni ara obìnrin fi ń darí ilé ọmọ," ó ní. "Họ́mọ̀nù là ń pè wọ́n. Àkọ́kọ́ á máa sọ fún inú ilé ọmọ pé kó nípọn, kó tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de ọmọ. Èkejì á wá sọ fún un pé ó tó, kó dáwọ́ dúró. Bí oyún kò bá dé, èkejì yẹn á lọ, ibùsùn náà á wó, òun lẹ̀ ń rí bíi nǹkan oṣù. Àmọ́ ìgbà tí ẹyin bá jáde nínú obìnrin ni èkejì yìí tó ń wá dáadáa. Tiyín, ẹyin kì í sábà jáde. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Máa nípọn, máa nípọn. Kò sẹ́ni tó ń dá a dúró. Ibùsùn ń ga lórí ibùsùn, títí ibì kan nínú rẹ̀ fi yí padà di jẹjẹrẹ."

"Kí ni mo jẹ tó fà á? Àbí ẹnì kan ló ṣe mí?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe yín. Bí ara yín ṣe ń ṣe họ́mọ̀nù ni. Ọ̀rá ara pẹ̀lú máa ń fi díẹ̀ kún àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa bá yín sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohun tí mò ń gbọ́ nìyẹn. Máa nípọn, máa nípọn. Màá gbé ẹsẹ̀ kúrò, yóò dákẹ́. Màá tún tẹ̀ ẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ara mi níbí, láti ìgbà tí mo ti ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ohùn kan ti ń pàṣẹ tí èmi kò gbọ́.

Dókítà ní ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà. Àmọ́ nítorí pé mi ò tíì bímọ, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì jinlẹ̀, ó ní àwọn lè fi hóró oògùn fún mi ní họ́mọ̀nù kejì tí ara mi kò ṣe, kó lọ pàṣẹ fún ibùsùn náà kó dúró. Wọ́n á máa yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè. Bó bá lọ, kí n tètè wá oyún. Bí kò bá lọ, tàbí tó bá padà, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, iṣẹ́ abẹ ni. Ó ní kí n má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ni wọ́n lè fún ní irú àyè yìí.

Mo lọ sọ fún Alàájà. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi dé ibi tí mo ti ní kò sí ọmọ.

"Ọmọ ni mo sin," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e. Ṣé dókítà yẹn wà níbẹ̀ ni?"

Ó mú ìgbálẹ̀, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ gbá àyíká ibẹ̀. Èmi kò tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ẹ̀jẹ̀ dá. Bó ti dá tán, mo sùn bí ọmọ tuntun fún ọjọ́ mélòó kan. Oògùn náà ń mú ebi pa mí, ó ń mú kí inú tètè bí mi. Okùn ẹ̀rọ á já, màá bú sẹ́kún. Bọ̀dé ta ọ̀kadà rẹ̀ kí a lè máa ra oògùn, ó ń wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìtòrí. Nígbà tí wọ́n tún fi irin mú díẹ̀ nínú mi, dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní àwọn kò rí i mọ́.

"Kò túmọ̀ sí pé ó ti parí o," ó ní. "Ẹ tètè wá oyún."

Wọ́n ní kí n dá họ́mọ̀nù náà dúró, wọ́n sì fún mi ní oògùn tó ń mú ẹyin jáde. A ń ka ọjọ́. Bọ̀dé kun yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ tiwa ní àwọ̀ òféèfé. Kò sọ ìdí rẹ̀, mi ò sì béèrè. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án, màá dúró, màá gbóòórùn ọ̀dà. Bí oṣù kọ̀ọ̀kan bá parí tí oyún kò dúró, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù jù, kí ẹ̀jẹ̀ wá ni, tàbí kó má wá.

Wásinmi ni ẹ̀jẹ̀ ti padà bá mi. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́, mo lọ bá wọn bó o. A jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ igi, àwọn obìnrin ilé ń ṣẹ̀fẹ̀, inú mi dùn, mi ò tíì rántí ara mi rárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Bọ̀dé dìde lọ́ọ̀ọ́kán, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Ìyàwó, dìde. Jẹ́ ká wọlé."

Ó ti rí i lára ìró mi kí èmi tó mọ̀. Ó gbé omi fún mi, ó fún mi ní ìró tirẹ̀, ó mú tèmi lọ fọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìn ilé, ó pẹ́ gan-an.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, jẹjẹrẹ náà ti padà lóòótọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ẹran. Dókítà ní kí n má dúró mọ́. Wọ́n á yọ ilé ọmọ, wọ́n á sì yọ ilé ẹyin méjèèjì pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni họ́mọ̀nù àkọ́kọ́ ti ń wá jù.

A jókòó ní pálọ̀ Alàájà lọ́jọ́ Àlàmísì kan. Èmi kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Alàájà fi dìde.

"Wọn ò ní yọ ilé ọmọ ọmọ mi! Kí ni wọ́n máa wá pè é lẹ́yìn ìyẹn? Obìnrin tí kò bí, tí kò sì ní ibi tó máa fi bí? Wọ́n júwe àfáà kan fún mi. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Bọ̀dé jókòó, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ọ́ìlì ọkọ̀ ti wọ̀ lára. Ìyá rẹ̀, tí a kò ránṣẹ́ pè, ti wá láti Wásinmi. Ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí àlejò.

"Alàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ó ní. "Mo ní àbúrò kan. Báyìí ló ṣe ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, à ń po àgbo fún un, à ń sọ pé ọmọ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e dé ọsibítù, nítorí gbogbo wa là ń dúró de ọmọ. Àárín ebè la ti gbé e lọ́jọ́ tó ṣubú. A ò rí ọmọ, a ò sì rí òun náà mọ́. Bí mo bá ń wo ọmọ yín yìí, òun ni mò ń rí. Ó jọ ọ́ gan-an."

Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń wá ọmọ lára mi, òkú ló ń rí.

"Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ ọmọ-ọmọ ni, Ìyá Bọ̀dé?" Alàájà bi í.

"Mo fẹ́ ẹ. Ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo wá rí i pé ojú gbogbo wọn ti wà lára mi.

"Mo fẹ́ wà láàyè," ni mo sọ. Ohùn mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dé dìde, ó jáde. Mo rò pé inú ló bí i. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ní ká wá?"

Mo rántí iná funfun tó wà lókè orí mi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, mo rántí ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó di tèmi mú, tó ní kí n máa ka òǹkà. Lẹ́yìn náà, mo jí, ọ̀fun mi gbẹ, ikùn mi wúwo bí ẹni tó gbé òkúta lé e. Àmọ́ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ṣófo. Mo mọ̀ pé dókítà máa ń sọ pé èèyàn kò lè mọ irú òfìfo bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Mo gbọ́ ohùn Alàájà lẹ́yìn kọ́tìnì tí wọ́n fi pààlà ibùsùn.

"Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

"Kí ni, Màmá?"

"Ilé ọmọ ọmọ mi. Ẹ fún mi. Mo fẹ́ gbé e lọ sin."

Nọ́ọ̀sì náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò, pé wọn kì í dá a padà. Alàájà jókòó. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i kó sunkún. Ọjọ́ náà ló sun ún, ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu kí n má baà gbọ́. Mo dibọ́n pé mo ń sùn.

Èsì fi hàn pé jẹjẹrẹ náà kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Wọ́n ní kò sí ìtọ́jú mìíràn tó kù ju kí n máa wá fún àyẹ̀wò lọ. Àwọn ará ilé dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá dá wà, mo máa ń rò ó pé níbo ló wà. Bóyá nínú ike kan, nínú omi, lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Bóyá wọ́n ti sun ún. Mi ò béèrè lọ́wọ́ dókítà rí.

Nítorí tí wọ́n yọ ilé ẹyin, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi bí obìnrin tó ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí. Mo lè wà lórí ìkírun, kí òógùn bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kí n rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, kí n sáré jáde lọ wo ara mi. Ó ti ń dín kù báyìí. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìrìn rírìn àti oúnjẹ, mo ti fọn sí i, àwọn èèyàn sì ń bi mí bóyá ọkọ mi ò tọ́jú mi ni.

Kí n má fi nǹkan pamọ́ fún ọ: Bọ̀dé ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Ìtòrí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, lójú mọmọ, kò rán ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo ti gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ ọmọ kúrò lọ́kàn mi, Nímọ́tà, kò lọ." Mo ní mo mọ̀. Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ wọn, mo gbé ọmọ náà, ó gbóná lọ́wọ́ mi. Bọ̀dé ṣì ń wálé, ó ṣì ń bá mi lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo fẹ́ràn rẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi gààrí ránṣẹ́ sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ bí tìrẹ ṣe máa rí. Mo kàn mọ̀ pé ká ní mo ti kú ni, mi ò ní sí níbí láti bínú.

Ọdún kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ló ń lọ báyìí. Àyẹ̀wò tí mo ṣe kẹ́yìn mọ́, Alihamudulilahi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí ní ọjọ́ tó bá ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ. Nígbà mìíràn, inú máa ń run mí nísàlẹ̀ ikùn, bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tó fẹ́ gbà dé. Ọjọ́ kan ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọjà kan, mo mú ọṣẹ, mo mú ṣúgà, mo mú páàdì. Mo ti sanwó, mo ti dé ojú títì kí n tó mọ ohun tí mo rà. Mo dúró síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Mi ò dá a padà. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi í sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ.

Ìwọ mìíràn tó ń gbọ́ mi, tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò, bí nǹkan oṣù rẹ bá ń fò lọ fún oṣù púpọ̀, má yọ̀ bí mo ṣe yọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, tí kò dá, tàbí tó padà wá lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró nítorí ọjọ́ orí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ọ kú oríire pé o tún di ọmọge. Lọ sílé ìwòsàn kí o tó mu ohunkóhun. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ gbàdúà, jẹ́ kó gbàdúà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá gba kọ́tìnì ọ̀gá rẹ̀. Kò jókòó. Mo ní kó jókòó, ó ní rárá, ó ń fi báàgì bo ẹ̀yìn. Mo fà á wọlé, mo fún un ní páàdì, mo ní kó lọ sẹ́yìn aṣọ tí mo ta mọ́ igun ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó jáde, mo bi í pé láti ìgbà wo ni. Ó wo ilẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọlidé ni, kò tíì dá, àti pé kí ó tó dé, kò rí i fún ìgbà pípẹ́.

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

Mo pa ẹ̀rọ. Mo gbé ìborùn mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a sì jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn.